Ta Ni Onílùú?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ tí Nàìjíríà pé ọdún 65 tó ti gba òmìnira, wọ́n ta àtíbàbà méjì sí iwájú ilé wa ní Ṣágámù, wọ́n sì gbé tábìlì kan sí abẹ́ rẹ̀ fún alága. Ọjọ́rú ni, kò sí ilé ìwé. Àwọn àgbà àdúgbò ló pe ìjíròrò náà. Ohun tí wọ́n kọ sí ara pátákó ni: “Níbo la ti ń bọ̀, níbo la ń lọ?” Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, wọ́n ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ alága, kí n máa kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí alága lè máa pè wọ́n bó ṣe kàn wọ́n.

Iṣẹ́ kékeré ni mo pè é. Mo ní bírò, mo ní ìwé, mo sì ní ìgò mínírà kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó mú bírò dání níbi ìjíròrò ti mú ìdajì agbára ibẹ̀ dání.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ní 1960, wọ́n fún wọn ní kọ́ọ̀pù àti àsíá kékeré, wọ́n sì yan kọjá níwájú àwọn àgbà. Wọ́n ní kọ́ọ̀pù náà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ju ayọ̀ ọjọ́ náà lọ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà kan bèèrè pé kí ni ọdún 65 fún ẹni tó ń ra epo ní iye tí òun ń rà á yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wá bí yóò ṣe dé Kánádà ní òun kò rí ohun tí a ń jíròrò lé lórí. Bàbá kan dá a lóhùn pé bí gbogbo ẹ̀yin tí orí yín pé bá lọ tán, àwọn wo ni yóò kù tí yóò dìbò. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bọ́ sórí gọ́tà, ibẹ̀ ni a sì pẹ́ sí jù.

Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa lè sọ pé ọ̀rọ̀ gọ́tà kò yẹ ní ọjọ́ òmìnira. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ ní òru kan, omi gọ́tà sì wọ ilé mẹ́ta. Ó ba àpò ìrẹsì jẹ́ fún ìyá olóúnjẹ kan, ó gbé bàtà àwọn ọmọ lọ. Nítorí náà àwọn èèyàn bú ìjọba. Wọ́n bú kọngílá tó ṣe gọ́tà náà, wọ́n bú àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un. Ó tó ìdajì wákàtí tí a fi bú wọn, mo sì ń kọ orúkọ.

Ìgbà náà ni Bàbá Olóbì nawọ́. Orúkọ tí gbogbo ọmọdé àdúgbò wa ń pè wọ́n nìyẹn. Ọmọ Hausa ni wọ́n, obì gbànja ni wọ́n ń tà, àwọn obìnrin ìlú ló ń bá wọn bó o tí wọ́n ń bá wọn dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á sì gbé e lọ sí òkè ọ̀hún. Ṣágámù ni wọ́n ti bí wọn. Bí wọ́n bá ń sọ Rẹ́mọ lẹ́yìn ògiri, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé kì í ṣe èdè ìyá wọn. Wọ́n nawọ́, wọ́n sì wojú mi. Mo rí wọn. Mo gbé bírò sókè, mo tún gbé e sílẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ju pé ọ̀rọ̀ onílùú nìyí, kí àwọn onílùú sọ tiwọn tán ná. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Wọ́n nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì tẹjú mọ́ ìwé bí ẹni tó ń ka nǹkan. Kò pẹ́ sí i tí alága fi ní àkókò ti lọ. A gbàdúrà, a kọ orin orílẹ̀-èdè, a túká. Àwọn ọmọkùnrin kó bẹ́ǹṣì mẹ́fà padà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Olóbì, nítorí ọwọ́ wọn ni a ti yá a.

Ní alẹ́, ìyá àgbà mi tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí wọn kò lè jókòó pẹ́ níta, bi mí léèrè ohun tí kálukú sọ. Mo rò ó fún wọn. Wọ́n ní, “Bàbá Olóbì ńkọ́?” Mo ní wọn kò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà wò mí títí. “Wọn kò sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀?”

N kò lè dáhùn. Wọn kò bá mi wí. Ìtàn ọdún 1999 ni wọ́n sọ fún mi, tí mo ti ń gbọ́ ní ìdákúrekú láti kékeré láìmọ orí àti ìdí rẹ̀.

Ìjọba alágbádá padà dé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999. Àwọn èèyàn jó. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní àárín oṣù keje, tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní Ṣágámù yìí. Àsìkò ọdún Orò ni. Wọ́n ní obìnrin Hausa kan wà níta ní òru tí kò yẹ kí obìnrin wà níta, wọ́n sì pa á. Ohun tó tẹ̀lé e kọjá agbára ẹni tó fẹ́ dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, iná jó ilé. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé Kano, wọ́n gbẹ̀san níbẹ̀ lára àwọn Yorùbá tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa Orò Ṣágámù. Ìjọba tí gbogbo wa jọ dìbò fún kò tíì jókòó dáadáa, àwọn tó jọ tò sórí ìlà ìdìbò kan náà ti ń lé ara wọn kiri pẹ̀lú àdá.

Bàbá Olóbì kó ìyàwó àti ọmọ méjì, wọ́n sá lọ sí Kano. Ibẹ̀ ni bàbá wọn ti wá kí wọ́n tó bí wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò gbé ibẹ̀ rí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n padà dé, wọ́n sì wá kí ìyá àgbà mi. Wọ́n ní bí àwọn bá ti lanu sọ Hausa ní Kano, wọ́n á bi àwọn pé ìlú wo lẹ ti wá. “Ìyá,” wọ́n ní, “ará Kano ni mí níhìn-ín, mo dé Kano, wọ́n ní ará Ṣágámù ni mí.” Ìyá àgbà ní ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ àwọn kò lè bá wọn rín in.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu, òun ni mo sì fẹ́ fi àròkọ yìí rò jáde. Nígbà tí a bá jókòó láti ronú lórí ọjọ́ ìbí orílẹ̀-èdè àti ibi tí ìjọba àwa-ara-wa ń gbé wa lọ, ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Ṣé ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ dé ni, àbí ẹni tí omi yóò wọ ilé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ṣágámù tí mo ń fi yangàn kì í ṣe ìlú kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ di i. Ní ọdún 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá sinmi, àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ rí i pé bí olúkúlùkù bá dá dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀tá yóò máa mú wọn. Wọ́n kó wá sí ojú kan. Òfin wá, Màkún wá, Ẹ̀pẹ́ wá, Ìjàgbà àti Sóyìndó wá, àti àwọn yòókù. Wọn kò sọ orúkọ wọn nù. Títí di òní, Akárìgbò wà ní Òfin, tí í ṣe olórí gbogbo Rẹ́mọ, Ewùsì sì wà ní Màkún. Bí ẹ bá bi ọmọ Ṣágámù pé ọmọ ibo ni, ó lè ní Màkún ni òun, kó má tilẹ̀ dárúkọ Ṣágámù.

Gbogbo wa la mọ ìtàn yìí, a máa ń kọ ọ́ nínú ìdánwò. Ohun tí a kì í rò ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí a ń pè ní onílùú lónìí, ẹrù ni àwọn bàbá ńlá wọn gbé lórí wá. Kì í ṣe pé wọ́n hù láti inú ilẹ̀ bí olú. Ohun tó sọ wọ́n di onílùú ni pé wọ́n gbà láti jọ ṣọ́ ìlú kan náà, kí ohun tó bá dé bá ọ̀kan dé bá gbogbo wọn. Àwọn àgbà sì sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀, wọn kò dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Ìtàn kejì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ ìjọba òyìnbó, wọ́n so Rẹ́mọ mọ́ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi sábẹ́ àṣẹ Awùjalẹ̀. Akárìgbò Adédoyin àti àwọn èèyàn wọn kò gbà. Wọ́n rojọ́ títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Martindale kalẹ̀ ní ọdún 1937, lẹ́yìn rẹ̀ ni Rẹ́mọ sì gba àṣẹ ara rẹ̀. A máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìṣẹ́gun. Mo rò pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹlòmíràn máa pinnu fún ẹni tí wọn kò bi léèrè. Àwọn baba wa mọ bó ṣe rí lára kí a kà ọ́ mọ́ ìlú níbi owó orí, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ níbi ìmọ̀ràn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn ló gbé bírò sílẹ̀ nígbà tí Bàbá Olóbì nawọ́.

Mo sọ èyí fún àbúrò bàbá mi, inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Wo Mowé, wo Ìbafò, wo gbogbo etí títì márosẹ̀. Èkó ń tú dà sórí wa. Bí gbogbo ẹni tó bá dé bá ti di onílùú, kí la ó fi lé ẹ̀yin lọ́wọ́?” N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìlú kékeré lè kú sínú èrò. Ènìyàn lè wà ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó má gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ ní ọjà mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rù kò sí lọ́rùn irú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé ní ẹ̀bá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n mo rò pé àbúrò bàbá mi da nǹkan méjì pọ̀. Ohun kan wà tí í ṣe ti ìdílé: oyè, ilẹ̀ ẹbí, orò ilé. Kò sí ẹni tó ní kí Bàbá Olóbì dìbò lórí ẹni tí yóò jẹ Akárìgbò, àwọn fúnra wọn kò sì béèrè rẹ̀. Ọmọ Màkún pàápàá kì í lọ sí Òfin lọ sọ pé òun fẹ́ jẹ ẹ́. Ohun kejì ni ti àwọn tó ń gbé pọ̀: gọ́tà, ọ̀nà, ilé ìwé, ààbò òru, ìbò. Èyí kò bèèrè ibi tí wọ́n sin bàbá ẹni sí. Àgbàrá kì í bèèrè oríkì kó tó wọlé.

Mo mọ̀ pé ààlà àárín méjèèjì kì í fìgbà gbogbo hàn kedere. Orò jẹ́ ti ìdílé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí Orò ń gbà jẹ́ ti gbogbo wa, ibẹ̀ gan-an ni ọdún 1999 ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. N kò ní oògùn rẹ̀. Ibi tí mo bá a dé ni pé ẹni tí òfin kan yóò wúwo lé lórí, bí kò tilẹ̀ ní àṣẹ láti yí òfin náà padà, ó yẹ kí a ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí a sì ti gbọ́ èsì rẹ̀, kí òru ọjọ́ náà tó dé. Ìyẹn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ onílùú. Àsọtẹ́lẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Kì í ṣe Ṣágámù nìkan. Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọdún 1909. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lé àlejò kúrò níbi ìjíròrò, orúkọ wọn ló kọ́kọ́ máa ń dá. Ó di dandan kí wọ́n sọ pé Awólọ́wọ̀ ti kọ̀wé ní 1947 pé Nàìjíríà kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, àti pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan máa ṣe àkóso ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yà kan máa ṣe àkóso ara rẹ̀ kò túmọ̀ sí kí ó yan àwọn tí yóò máa gbọ́ lára àwọn tó ń gbé lábẹ́ àkóso náà.

Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni Táí Ṣólàrín àti ìyàwó wọn Sheila ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Sheila. Wọ́n gbé pẹ̀lú wa, wọ́n kọ́ ọmọ wa, títí di ọdún 2012 tí wọ́n fi kú. N kò tíì pàdé ẹnikẹ́ni ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ ìlú kò kàn wọ́n. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu pé ó rọrùn fún wa láti gbàgbé òkun tó wà láàrin àwa àti Sheila Ṣólàrín, tí a kò sì lè gbàgbé ọ̀nà ọkọ̀ obì láti Kano sí Ṣágámù.

Ẹ̀rí wà pé àwọn baba wa ní Nàìjíríà ti ṣe é rí. Ṣáájú òmìnira, ọmọ Fúlàní kan, Umaru Altine, ni àwọn ará Enugu dìbò yàn láti ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú wọn. Ẹ rò ó wò lónìí, ní ìlú yòówù kí ó jẹ́. Nnamdi Azikiwe ńkọ́? Wọ́n dìbò fún wọn ní Èkó ní 1951 sí ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n padà sí Ìlà-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé láti ìgbà náà ni olóṣèlú kọ̀ọ̀kan ti mọ ibi tí yóò máa wá ìbò rẹ̀ sí. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú kọ́ọ̀pù àti àsíá.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá kò tíì mọ èyí tí yóò mú. Olùkọ́ wa ló fi hàn wá. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbikíbi ní kíkún. Ó dára. Ṣùgbọ́n apá ìwé òfin tí abala yìí wà, a kò lè torí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Abala 77 ní ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Òun náà dára. Ẹ wá dé abala 147: Ààrẹ gbọ́dọ̀ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Abala 318 ló sọ ohun tí ó jẹ́ láti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: kí bàbá tàbí ìyá ẹni, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, jẹ́ ara àwọn tí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ tiwọn.

Ọmọ ọmọ Bàbá Olóbì àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan. Kí ìdìbò ọdún 2027 tó dé, àwa méjèèjì yóò ti pé ọdún 18. A ó jọ tò sórí ìlà kan náà, a ó jọ tẹ̀ka. Ó mọ oríkì Rẹ́mọ jù mí lọ, òun ni wọ́n máa ń pè síta bí àlejò bá wá sí ilé ìwé. Síbẹ̀, èmi lè ṣe mínísítà láti Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́jọ́ kan, òun kò lè ṣe é. Nígbà tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n ní kó lọ gbà á níbi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti wá, níbi tí kò dé rí. Bí ó bá fẹ́ ọmọkùnrin Rẹ́mọ, àwọn ọmọ tó bá bí yóò di onílùú kíá. Òun fúnra rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ àlejò nínú ilé ara rẹ̀. (Ó ní òun kò ní torí ìwé ẹ̀rí fẹ́ ẹnikẹ́ni.)

Gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ló ní àwọn tí a kò ránṣẹ́ sí. Nígbà tí àsíá wa tuntun gòkè ní 1960, àwọn obìnrin apá Àríwá kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1852, wọ́n pe Frederick Douglass, ọkùnrin tó ti jẹ́ ẹrú rí, pé kó wá sọ̀rọ̀ ìrántí òmìnira ní ìlú Rochester. Ó bi wọ́n léèrè kí ni ọjọ́ náà já mọ́ fún ẹrú. Àwọn èèyàn ṣì ń kà á títí dòní. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé wọ́n fún un ní àyè. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹni tó ń kọ orúkọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo mú ìwé àti bírò, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Olóbì. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo rí yín nígbà tí ẹ nawọ́, mi ò kọ orúkọ yín, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n dìde, pé òun kò bínú sí ọmọdé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ sọ?

Mo ti múra ọkàn mi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ńlá. Mo rò pé wọn yóò sọ nípa 1999, tàbí nípa ìwé ẹ̀rí ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gọ́tà ni.

Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin jókòó síbẹ̀, wọ́n ń bó obì tí wọ́n ti rẹ sómi, èèpo funfun rẹ̀ sì ga bí òkìtì lẹ́bàá wọn. Bàbá Olóbì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. Wọ́n ní èèpo yìí ni. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbé e wọ inú gọ́tà, yóò sì dì mọ́ra lábẹ́ afárá kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Àwọn ti rí i láti oṣù kẹfà. Wọ́n ti bá àwọn olóbì yòókù sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá owó láti ra ọkọ̀ ọmọlanke kan tí yóò máa kó èèpo náà lọ sí oko fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ilẹ̀dú. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àwọn onílé fi ibì kan hàn wọ́n tí wọ́n lè máa kó o jọ sí. “Mo fẹ́ tọrọ àforíjì,” wọ́n ní, “kí n sì bèèrè àyè.”

Ìdajì wákàtí ni a fi bú ìjọba ní ọjọ́ òmìnira. Ẹni tó mọ ohun tó dí gọ́tà, tó ti ṣètò owó rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ara rẹ̀ láàrin wa, ó nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Mo fi han ìyá àgbà, wọ́n ní kí n mú un lọ bá alága. Alága kà á, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọlanke yẹn dára gan-an, pé ó yẹ kí ẹnìkan gbé e kalẹ̀ níbi ìpàdé oṣù kejìlá. Mo ní mo ti kọ orúkọ Bàbá Olóbì sí ìlà kìíní. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi padà, wọ́n wo orúkọ náà pẹ́. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ ná, kí àwọn kọ́kọ́ bá àwọn àgbà yòókù sọ̀rọ̀. Mo bèèrè bóyá kí n pa á rẹ́.

Wọ́n ní àwọn kò sọ pé kí n pa á rẹ́.